Don Hutson: Ta ló yẹ ní ipò kìíní láàárín àwọn ahánbọ́ọ̀lù Yunifásítì Alabama?

Ìtàn ìgbésí ayé tí a gbé wá lónìí jẹ́ ti ọkùnrin kan tó ti kú láti ọdún 1997, ṣùgbọ́n tí àwọn ará Amẹ́ríkà kò tíì yé dárúkọ rẹ̀. Don Hutson ni. Ibi tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù Yunifásítì Alabama bá ti jókòó láti to àwọn ahánbọ́ọ̀lù wọn sípò, orí orúkọ rẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà á ní òun ni kìíní, kò sẹ́ni tó lè bá a dù ú. Àwọn ọ̀dọ́ á ní kí ni ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ní nǹkan bí 90 ọdún sẹ́yìn mọ̀ tó fi yẹ kí a gbé e ka orí àwọn ti òde òní? Àwa náà fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ.

Bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá lórí pápá wa. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e. Ó gùn gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ méjèèjì sì rí ṣónṣó. Ènìyàn 11 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń kó wọ pápá. Ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìgbà 4 láti fi gbé e síwájú ní yáàdì 10, èyí tó ju mítà 9 lọ díẹ̀. Bí wọn kò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Bí wọ́n bá gbé e kọjá ìlà tó wà ní ìparí pápá, wọ́n ti jẹ touchdown nìyẹn, àmì 6 ló sì ń mú wá. Wọ́n lè gbé bọ́ọ̀lù náà sáré wọ àárín àwọn alátakò, wọ́n sì lè jù ú láti ẹ̀yìn sí ẹni tó ti sáré lọ síwájú. Ẹni tó ń sáré lọ hán bọ́ọ̀lù yẹn lójú òfuurufú, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní wide receiver, ni àwa ń pè ní ahánbọ́ọ̀lù nínú ìtàn yìí.

Ìlú Pine Bluff, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, ni wọ́n ti bí Don Hutson ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1913. Ẹnu iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni bàbá rẹ̀ ti ń jẹun. Nígbà èwe rẹ̀, ó wà nínú ẹgbẹ́ Scout, ó sì máa ń fi ejò ṣeré. Baseball, ìyẹn eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré, ló gba ọkàn rẹ̀ jù. Ọdún kan péré ló fi gbá bọ́ọ̀lù tí à ń wí yìí nílé ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ládùúgbò ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ń wá kiri. Hutson sì bá a lọ sí Yunifásítì Alabama ní ìlú Tuscaloosa. Nígbà tó débẹ̀, kò sẹ́ni tó pariwo orúkọ rẹ̀. Ó ga, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni eré náà jẹ́ ti àwọn abara-líle nígbà náà.

Ká rántí pé láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ju bọ́ọ̀lù síwájú léwu ló gbà. Ọdún 1906 ni wọ́n tó fàyè gba jíjù bọ́ọ̀lù síwájú nínú òfin eré náà. Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sanra, kò rọrùn láti fi ọwọ́ kan dì mú, àfi ìgbà tó di ọdún 1934 tí wọ́n dín sísanra rẹ̀ kù. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ni ló gbà pé kí a gbé bọ́ọ̀lù mọ́yà, kí a sì já lu àwọn alátakò, ló dára jù. Àwọn tó ń dúró ní ìpẹ̀kun ìlà, ní ọ̀tún àti ní òsì, iṣẹ́ pàtàkì wọn ni kí wọ́n ti àwọn alátakò sẹ́yìn fún ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni bọ́ọ̀lù ń fò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìpẹ̀kun ìlà yẹn ni Hutson dúró sí. Ẹni tó dúró sí ìpẹ̀kun kejì nínú ẹgbẹ́ kan náà ni Paul Bryant, tí wọ́n fún ní ìnagijẹ Bear. Ọmọ Arkansas ni òun náà, ọdún 1913 kan náà ni wọ́n sì bí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé orúkọ Bryant yìí, nítorí ó ń padà bọ̀ nínú ìtàn wa. Frank Thomas ni olùkọ́ni wọn, Dixie Howell sì ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá jù nínú jíjù bọ́ọ̀lù.

Ọdún 1934 ni ìràwọ̀ Hutson yọ. Alabama kò pàdánù ìdíje kankan lọ́dún náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1935, wọ́n lọ bá ẹgbẹ́ Stanford pàdé nínú ìdíje Rose Bowl ní ìlú Pasadena, ní California. Stanford ló kọ́kọ́ jẹ touchdown. Lẹ́yìn náà ni Alabama bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù, tí Hutson sì ń hán an. Bọ́ọ̀lù 6 ló hán lọ́jọ́ náà, ó fi wọ́n gba ilẹ̀ tó ju yáàdì 160 lọ, ó sì jẹ touchdown 2. Alabama borí pẹ̀lú àmì 29 sí 13. Látọjọ́ náà ni gbogbo Amẹ́ríkà ti mọ̀ pé jíjù bọ́ọ̀lù lè borí ipá.

Kí ni Hutson ń ṣe tí àwọn yòókù kò ṣe? Eré sísá wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lóòótọ́, nítorí ó ń sá 100 yáàdì láàárín ìṣẹ́jú àáyá tí kò pé 10. Ṣùgbọ́n eré nìkan kọ́. Á fẹsẹ̀ rìn bí ẹni tó ti rẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á sì dẹ̀ṣọ́. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti fò lọ. Á ṣe bí ẹni fẹ́ yà sọ́tùn-ún, á sì yà sósì. Á sáré síwájú, á dúró gbọnin, á yíjú padà gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ẹni tí eré ti gbé kọjá. Ọ̀nà tí ahánbọ́ọ̀lù yóò sá, ìgbésẹ̀ tí yóò gbé kí ó tó yà, gbogbo rẹ̀ ló ń ti ilé rò wá, òun àti ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù á sì jọ mọ̀ ọ́n. Lónìí, ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọdé tó bá fẹ́ di ahánbọ́ọ̀lù nìyẹn. Nígbà náà, ojú kò tíì rí i.

Lẹ́yìn Alabama, àwọn ẹgbẹ́ tí ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í du Hutson. Kò tíì sí ètò pínpín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fún ẹgbẹ́ nígbà yẹn, ọdún 1936 ló bẹ̀rẹ̀. Hutson bá buwọ́ lu ìwé àdéhùn méjì, ọ̀kan ti Green Bay Packers, èkejì ti Brooklyn Dodgers. Ìwé méjèèjì dé iwájú Joe Carr, olórí ìdíje NFL. Carr wo òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ tó wà lára wọn, ó sì rí i pé ti Green Bay ló ṣáájú. Bí Hutson ṣe di ọmọ Packers nìyẹn, ní ìlú kékeré kan tí òtútù pọ̀ sí, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin. Bó bá jẹ́ Brooklyn ló gbà á, ó ṣeé ṣe kí ìtàn yìí rí bámìíràn, nítorí Curly Lambeau, olùkọ́ni Green Bay, wà lára àwọn díẹ̀ tó fẹ́ràn kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1935, Packers gbàlejò Chicago Bears. Ìgbà àkọ́kọ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Green Bay, Arnie Herber jù ú sókè, Hutson hán an, ó sáré wọlé. Yáàdì 83 ni. Packers borí pẹ̀lú àmì 7 sí 0. Láti ìgbà náà, ẹgbẹ́ tó bá ń bọ̀ wá bá Green Bay gbọ́dọ̀ yan ènìyàn méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, láti máa ṣọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo.

Ọdún 11 ló lò, láti 1935 títí di 1945. Packers gba ife ẹ̀yẹ NFL ní 1936, 1939 àti 1944. Wọ́n yàn án ní agbábọ́ọ̀lù tó wúlò jù lọ ní 1941 àti 1942. Ìgbà 8 ló ṣe kìíní nínú iye bọ́ọ̀lù tí a hán lọ́dún kan, ìgbà 9 nínú iye touchdown tí ahánbọ́ọ̀lù jẹ. Ní 1942, ó hán bọ́ọ̀lù 74, ó gba ilẹ̀ yáàdì 1,211, ó sì jẹ touchdown 17. Kò tíì sẹ́ni tó dé yáàdì 1,000 rí ṣáájú rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kò sì mọ síbẹ̀. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ alátakò, òun náà ló ń dúró lẹ́yìn láti dí wọn lọ́nà, ó sì já bọ́ọ̀lù 30 gbà lọ́wọ́ wọn. Ó tún ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọ àárín òpó fún àfikún àmì. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1945, nínú ìdá mẹ́rin kan ìdíje tí wọ́n bá Detroit Lions ṣe, ó jẹ touchdown 4, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá àmì 5 kún un. Àmì 29 nìyẹn, láàárín ìṣẹ́jú 15 eré. Títí di òní, kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, bọ́ọ̀lù 488 ló ti hán nínú NFL. Ẹni tó tẹ̀lé e ní 190. Touchdown 99 ló jẹ nípa híhán bọ́ọ̀lù, ó sì di ọdún 1989, lẹ́yìn ọdún 44, kí Steve Largent tó kọjá rẹ̀. Packers fẹ̀yìn ẹ̀wù nọ́ńbà 14 rẹ̀ tì ní 1951. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù ní Canton, ní ìpínlẹ̀ Ohio, lọ́dún 1963, ó wà nínú àwọn 17 tí wọ́n kọ́kọ́ kó síbẹ̀. Ó ṣòwò ọkọ̀ ní Wisconsin, ó dàgbà, ó sì kú ní Rancho Mirage, ní California, ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1997. Ẹni ọdún 84 ni.

Ìgbésí ayé rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí títò sípò.

Àwọn tí kò gbà fún Hutson máa ń sọ pé ogun àgbáyé kejì ti kó ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù lọ nígbà tó ń pa ẹsẹ iye wọ̀nyẹn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ń ṣe kìíní ní 1936, 1937 àti 1939, kí ogun tó kan Amẹ́ríkà. Ẹ̀sùn yẹn kò lè wó o.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tó wúwo ju ogun lọ, àwọn tó ń to ipò kì í sì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Láti 1934 títí di 1945, kò sí agbábọ́ọ̀lù dúdú kankan nínú NFL. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ọdún 1946 ni Kenny Washington àti Woody Strode tó wọlé ní Los Angeles. Ẹ wo ọdún Hutson: 1935 sí 1945. Gbogbo iṣẹ́ tó ṣe nínú NFL ló bọ́ sáàárín àkókò tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn náà. Ní Alabama tó ti wá, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ dúdú kankan kò lè forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì náà nígbà ayé Hutson níbẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ pé kó gbá bọ́ọ̀lù. Ní 1963, nígbà tí Vivian Malone àti James Hood lọ forúkọ sílẹ̀, gómìnà ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà láti dí wọn lọ́wọ́, kí ìjọba àpapọ̀ tó mú un kúrò.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Benin ju bí ẹnìkan ṣe lè rò lọ. Ìpínlẹ̀ Alabama yẹn náà ni ọkọ̀ ojú omi Clotilda kó nǹkan bí ènìyàn 110 lọ ní 1860 láti Ouidah, ní ìkọ̀kọ̀, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti 1808. Nínú wọn ni Kossola wà, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis lọ́hùn-ún. Àwọn onímọ̀ ìtàn tó tọpasẹ̀ rẹ̀ fi hàn pé láti agbègbè Bantè ni ó ti wá, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ wọkọ̀ ló tẹ Africatown dó lẹ́bàá ìlú Mobile. Kossola kú níbẹ̀ ní 1935, ọdún kan náà tí Hutson gba Rose Bowl fún Alabama. Bí ọmọ-ọmọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ bá ní ẹsẹ̀ eré bíi ti àgbọ̀nrín, tí ọwọ́ rẹ̀ sì ń hán nǹkan bíi ti idán, kò sí ààyè fún un ní Tuscaloosa.

Ibí yìí ni Bear Bryant, ẹni tó dúró sí ìpẹ̀kun kejì, ti padà wọ ìtàn. Ó di olùkọ́ni Alabama ní 1958, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1982. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kó àwọn funfun nìkan jọ. Nígbà tó yá, Wilbur Jackson di ọ̀dọ́ dúdú àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ní owó ẹ̀kọ́, ó sì wọ ilé ìwé ní 1970. Ipò ahánbọ́ọ̀lù ni wọ́n tìtorí rẹ̀ mú un wá, kí wọ́n tó gbé e sípò ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ozzie Newsome dé, láti 1974 sí 1977. Látìgbà náà, bí ẹ bá ka àwọn ahánbọ́ọ̀lù Alabama tí ayé mọ̀ jù, ọmọ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn.

Àwa náà yóò wá to tiwa, nípa iṣẹ́ tí oníkálukú ṣe ní Alabama.

Ẹni karùn-ún ni Julio Jones, ọmọ Foley, ní ìpínlẹ̀ Alabama fúnra rẹ̀, ní òdìkejì omi Mobile. Láti 2008 sí 2010, ó hán bọ́ọ̀lù 179. Àwọn kan yóò ní ó yẹ kó ga jù bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó ṣe nínú NFL lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ti yunifásítì là ń tò.

Ẹni kẹrin ni Newsome. Bọ́ọ̀lù 102 péré ló hán, àmọ́ ẹgbẹ́ Bryant nígbà náà kì í fẹ́ ju bọ́ọ̀lù rárá, gbígbé e sáré ni wọ́n ń ṣe. Ó sì fi 102 yẹn gba yáàdì 2,070. Bí wọ́n bá jù ú sí i, ó ń fi í gba ilẹ̀.

Ẹni kẹta ni Amari Cooper, tó hán bọ́ọ̀lù 228 fún yáàdì 3,463 láàárín 2012 àti 2014.

Ipò kejì ni a fi Don Hutson sí.

Ipò kìíní jẹ́ ti DeVonta Smith. Ọmọ Amite, ní ìpínlẹ̀ Louisiana ni, òun náà tẹ́ẹ́rẹ́ bíi Hutson, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi ń bẹ̀rù pé wọn yóò ṣẹ́ ẹ. Ní oṣù kìíní 2018, nígbà tó ṣì wà lọ́dún kìíní rẹ̀, òun ló hán bọ́ọ̀lù yáàdì 41 tó fún Alabama ní ife ẹ̀yẹ lórí Georgia. Ní sáà 2020, ó hán 117, ó jẹ touchdown 23, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Heisman, èyí tí ahánbọ́ọ̀lù kankan kò gbà láti 1991. Nínú àṣekágbá sáà náà, ó jẹ touchdown 3 kí wọ́n tó lọ sinmi ní ìdajì eré. Nígbà tó kúrò, touchdown 46 ló ti jẹ nípa híhán bọ́ọ̀lù.

Ẹnìkan lè bi wá pé ṣé kì í ṣe Hutson ló la ọ̀nà tí Smith ń sá lórí rẹ̀. Òun ni, a kò sì lè gba ìyìn yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni tó kọ́ ayé ní iṣẹ́ náà là ń wá, Hutson nìkan la ó dárúkọ, a ó sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ẹni tó dá iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó borí gbogbo àwọn tó ń ṣe é. Smith bá gbogbo ọmọ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà dù ú, funfun àti dúdú, ó sì yọ. Àwọn tí Hutson bá dù ú ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún nìkan. Bó bá ṣe ń hán bọ́ọ̀lù lójú àwọn tó kù síta, kò sẹ́ni tó lè sọ, nítorí wọn kò jẹ́ kí a rí i.

Òun kọ́ ló ti ilẹ̀kùn náà. Ọmọ ọdún 19 tàbí 20 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù ní Tuscaloosa, bí ayé ṣe rí ló ṣe bá a. Nítorí náà, a kò dín bọ́ọ̀lù kan kù nínú 488 tó hán. Ohun tí a ń bẹ àwọn tó ń to ipò ni pé, bí wọ́n bá ń ka touchdown 99 Hutson, kí wọ́n tún máa rántí àwọn tí a kò ka ti wọn rárá, nítorí wọn kò gbà wọ́n wọ pápá.

Bí ẹ bá ní tiyín, ẹ to tiyín. Ó dìgbà kan ná.